Ẹni Tí Kò Kí Alárinà

Mo fi eyín mẹ́fà tó kù lẹ́nu mi búra pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ré sínú ife tíì mi lọ́la. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń sọ. Wọ́n ní bí Bàbá bá ní òun rí ejò tó gùn tó ilé, kéèyàn lọ wá ekòló. Wọn ò jẹ̀bi, ejò tí mo ti tà fún wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pé ọdún kan àti oṣù méjì tó ti sùn. Òkú kò lè sọ pé irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ṣọ́ ẹnu.

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni títún máṣíìnì ìránṣọ ṣe, kò sì sí máṣíìnì tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó padà lọ láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ló fẹ́ràn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó fi ọ̀bẹ ìdáná tú rédíò bàbá wa palẹ̀. Bàbá wa bá a níbi tó jókòó sí láàrin àwọn ìdè kéékèèké, ó sì nà án títí ìgbànú fi já. Mi ò ní purọ́ pé ẹnìkan gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ìgbànú já, ó nu imú rẹ̀, ó jókòó padà, ó to rédíò náà pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni rédíò wa ti ń gbé àwọn kan tí a kò gbọ́ rí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn. Bàbá wa ò na ẹnikẹ́ni nítorí rédíò mọ́. Àwọn nǹkan yòókù ló ń torí wọn nà wá.

Ọkọ tó fẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lù ú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ wà lẹ́yìn àbúrò mi, ọkùnrin náà tún gbé ọwọ́ sókè. Àbúrò mi na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa irin àtẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì yọ, ó sì fi gbá a lórúnkún. Ìta ni mo wà tí mo ti gbọ́ egungun yẹn. Ó dún bí ìgbà téèyàn bá dá igi gbígbẹ. Ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá kan ni ọkùnrin náà fi kúrò nínú ilé, kò sì padà wá. Nígbà tí mo wọlé, àbúrò mi na irin náà sí mi.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi fọ nǹkan yìí, ó níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́la."

Mo fọ̀ ọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rédíò ṣe tún dé. Tíṣà kan ń gbé ní ìlú kejì sí tiwa, ìyàwó rẹ̀ sì gbé máṣíìnì wá fún àtúnṣe. Nígbà tí àbúrò mi gbé e padà lọ, ó bá Tíṣà nínú yàrá kótópó kan tó ń bá ẹnìkan tó wà lókè òkun fọ̀rọ̀ wérọ̀. Tíṣà ní ìwé àṣẹ ìjọba láti máa fi rédíò sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún òwò, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ní bó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ ni wọ́n ń béèrè kéèyàn tó sọ̀rọ̀, èmi ì bá ti wà lẹ́wọ̀n tipẹ́. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Tíṣà, ó kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn máṣíìnì rẹ̀, ó ṣe ìdánwò, ó kùnà, ó tún un ṣe, ó yege. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ó lẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Wàhálà kan ló kù. Òkè ńlá kan pín àgbègbè wa sí méjì. Apá tiwa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oríta. Apá kejì, nínú kòtò, ni ibi ìfọ́kùúta wà. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń di ọgbẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Nọ́ọ̀sì ti rí ọkọ fẹ́, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ lu ihò sínú àpáta kí wọ́n tó fi ìbúgbàù fọ́ ọ. Lùhò ni gbogbo wa ń pè é. Apá rẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó itan mi. Tìyá tọmọ ní rédíò àfọwọ́mú kéékèèké, ṣùgbọ́n ohùn rédíò bẹ́ẹ̀ kò lè gun òkè. Á lọ, á forí sọ àpáta, á ṣubú síbẹ̀.

Ọgbọ́n tí àbúrò mi dá nìyí. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti darúgbó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó sanwó fún àwọn èèyàn, wọ́n tì í dé orí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ìjọba, èmi náà bá wọn tì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo tì í. Ó gbé rédíò ńlá kan sínú ọkọ̀ náà, irú èyí tó ní ojú ọ̀nà méjì. Bí Nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ láti inú kòtò, rédíò orí òkè á gbọ́ ọ lójú ọ̀nà kan, lójú ẹsẹ̀ náà á sì tún un sọ lójú ọ̀nà kejì, pẹ̀lú ohùn tó le ju tàkọ́kọ́ lọ, títí á fi dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, àti ọ̀dọ̀ Tíṣà pàápàá. Bí ìyá bá fèsì, á gbà á níhìn-ín, á sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Nítorí pé ọ̀nà tó fi ń gbọ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà tó fi ń sọ, ohùn ara rẹ̀ kì í dí i létí. Lùhò ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ohun tó bá ń gbọ́ tẹ̀hìn-ín tó ń sọ fún tọ̀hún, kí ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe Alárinà?

Alárinà yìí ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, gbogbo ohùn ló ń sọ di ọ̀kan náà. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú ni wọ́n máa ń dún. Èkejì ló wá le. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, Alárinà máa ń sùn tó ìmí kan kó tó lajú. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ó ti jẹ ẹ́. Ẹ ti rí ẹni tí wọ́n rán ní ẹran tó bu díẹ̀ jẹ lọ́nà rí.

Ọjọ́ kan Lùhò wà lápá tiwa níhìn-ín, ó rí àga onírọ̀rí pupa kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi rédíò àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá kí òun rà á. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn wàrà pé, "Má rà á." Alárinà jẹ "má" náà. Lùhò ru àga sórí yí òkè náà po, ó sì délé pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ṣe ohun tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́. Àga náà ṣì wà nínú ilé wọn dòní.

Ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi ṣòfin. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rán Alárinà níṣẹ́, kó kọ́kọ́ kí i. Kó tẹ bọ́tìnnì, kó ní, "Alárinà, ẹ kú iṣẹ́ o," kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìkíni yẹn ni Alárinà yóò jẹ, ọ̀rọ̀ gidi á sì dé ní odindi.

Lùhò ní, "Ìyá, ṣé ká kúkú dọ̀bálẹ̀ fún un ni?"

Àbúrò mi ní, "Dọ̀bálẹ̀ bó bá wù ọ́, sáà má gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Alárinà tí wọn ò bá kí, á ba ìgbéyàwó jẹ́."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀ la dé yìí.

Ìbúgbàù kan bú kó tó tó àkókò níbi ìfọ́kùúta, ó sì fọ́ òṣìṣẹ́ méjì mọ́ àpáta. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó kù ní àwọn kò ní wọ inú kòtò mọ́ àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ àwọn wáyà tó ti jẹrà. Ọ̀gá wọn kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ló fèsì, lọ́ọ̀rì kan tó kún fún jàǹdùkú ló fi fèsì.

Wọ́n kọ́kọ́ dáná sun òpó tẹlifóònù tó wà lọ́nà ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ṣéènì lu olùṣọ́ ẹnu géètì títí ojú rẹ̀ fi di ohun tí ìyá tó bí i kò lè dá mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sá káàkiri. Mọ́kànlá nínú wọn sá wọ ilé ìkó-irinṣẹ́, ilé bíríkì tí kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lùhò wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Wẹ́dà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní àárọ̀ yẹn. Bàtà mi ni mo gbé wá kó bá mi fi máṣíìnì rán ẹnu rẹ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ tó nípọn gún un lọ́wọ́ nígbà tí rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo òróró sọ̀rọ̀.

"Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Nọ́ọ̀sì ni, Alárinà ti jẹ ìkíni rẹ̀.

Àbúrò mi ju bàtà mi sílẹ̀. Mi ò rí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ títí dòní.

"Alárinà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì sọ fún un. Kò sunkún, ńṣe ló ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé oògùn. Ó ní mọ́kànlá làwọn wà. Ó ní orí ọ̀kan ti fọ́, òun ti fi gèlè òun dì í. Ó ní wọ́n ń fi igi òpó lu ilẹ̀kùn iwájú, àgbékọ́ òkè sì ti já.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Kò tíì sí ẹnìkan lẹ́yìn. Wẹ́dà ní ká sá gba ọ̀nà àárín àpáta. Lùhò ní ká gbọ́ tiyín ná, pé ẹ̀yin lẹ ń wo oríta."

Kí ẹ tó lè lóye èyí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ oríta náà. Abẹ́ fèrèsé wa gan-an ló ti pín. Ọ̀nà ọ̀tún yí òkè po lọ sí géètì iwájú ibi ìfọ́kùúta. Ọ̀nà òsì lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkó-irinṣẹ́, ibi tó sì gbà kọjá jẹ́ tóóró láàrin àpáta méjì tí wọ́n gé, ó ga bí ilé alájà méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí èèyàn bá pàdé ọ̀tá níbẹ̀, kò sí ibi tó fẹ́ yà sí.

Àbúrò mi ní, "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí lọ́ọ̀rì wọn mìíràn bá ń bọ̀, iwájú mi níbí ló máa gbà. Tó bá yà sápá ọ̀tún, mo máa ní kẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ máa sá. Bí mi ò bá tíì sọ ọ́, ẹ jókòó."

Tíṣà ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó kí Alárinà, ó ní òun ń lọ sí bárékè ọlọ́pàá, òun ò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi kí wọ́n tẹ̀lé òun tàbí kí wọ́n ti òun mọ́lé. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Àbúrò mi dúró sójú fèrèsé, rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin éríà rẹ̀ yọ síta.

Ó tó wákàtí kan kí lọ́ọ̀rì kejì tó dé. Ó dúró ní oríta. Àwọn bí ogún ló bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àdá àti irin, wọ́n ká ọkùnrin tó ń lẹ táyà mọ́, wọ́n ní kó fi ọ̀nà ẹ̀yìn ibi ìfọ́kùúta han àwọn. Ó nawọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọlúàbí ni. Wọ́n gbé ọwọ́ náà sórí rímù irin, wọ́n fi òòlù tirẹ̀ fọ́ ọ. Igbe tó ké, àwọn ẹyẹ orí wáyà iná fò lọ. Wọ́n tún béèrè. Ó nawọ́ kejì sápá ọ̀tún. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fọ́ èyí náà, ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó rí éríà lójú fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ wò ó, àwọn kan ń ṣọ́ wá."

A gbọ́ bùútù rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Mo kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí pẹ̀lú ọ̀pá àti ikọ́, ẹ ò lè mọ irú ọkùnrin tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fi ẹsẹ̀ kan ta ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn wó. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi tẹ orí ba kó tó wọlé, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ oníṣẹ́ táyà sì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo bẹ́ sábẹ́ tábìlì, mo fa irin àtẹ̀ máṣíìnì yọ, mo fi gba àdá náà. Iná ta lára irin. Mo gbá a nígbọ̀nwọ́, àdá bọ́. Ó gbá mi mọ́ tábìlì, gbogbo agolo abẹ́rẹ́ dà sílẹ̀, a yí lórí wọn, wọ́n ń gún un, wọ́n ń gún mi. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fún mi lọ́rùn. Ẹ má wulẹ̀ wo ọrùn mi, kò sí àpá níbẹ̀, ara mi máa ń tètè san.

Àárín ìyẹn ni lọ́ọ̀rì ìsàlẹ̀ gbéra. Ó yà sápá òsì.

Àbúrò mi rí i. Mo rí i pé ó rí i. Èmi tí wọ́n ń fún lọ́rùn, mo fi ìwọ̀nba èémí tó kù mí kù pariwo pé, "Kí i o! Kí i!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbà á, ojú rẹ̀ ti ràn. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní:

"Má jáde."

Kò kí i.

Lẹ́yìn òkè, nínú ilé tí kò ní fèrèsé, níbi tí ilẹ̀kùn ti fẹ́ já, èèyàn mọ́kànlá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń retí látàárọ̀.

"Jáde."

Wọ́n jáde. Wẹ́dà ló ṣáájú, Lùhò ló kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti sá dé àárín àpáta méjì kí wọ́n tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Lọ́ọ̀rì náà yọ síwájú wọn, ó kún ọ̀nà bí òkìtì ṣe ń kún ẹnu ihò. Wẹ́dà kò sá. Irin gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kígbe pé kí àwọn yòókù padà, ó sì kó sáàrin àwọn tó ń bẹ́ sílẹ̀. Ó lu ẹni méjì wólẹ̀ kí wọ́n tó ká a mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ pé òun gbọ́ àdá lára rẹ̀, pé ó dún bí ẹni tó ń gé igi tútù, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn jàǹdùkú lé Nọ́ọ̀sì bá, ó gbé àdá sókè. Lùhò na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dí i. Àdá náà gba ọwọ́ yẹn nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ó sì kọjá sódì kejì.

Ìyàwó rẹ̀ fà á dé inú ilé. Ẹni mẹ́jọ tó kù fi ara ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fi ẹ̀rọ ìlùhò tirẹ̀ gbé e dúró. Nọ́ọ̀sì di apá náà pẹ̀lú wáyà ìbúgbàù, ó fún un títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Alárinà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màámi, ẹ ní ká jáde."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìjà ti parí. Irin ti gba jàǹdùkú náà létí, ó ti fi ẹ̀yìn yí sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ nísàlẹ̀. Àbúrò mi mú rédíò. Ó gbé e sẹ́nu.

"Alárinà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ tí mi ò kí i. Ẹ má jáde mọ́. Tíṣà ń bọ̀."

Tíṣà dé lóòótọ́, pẹ̀lú mọ́tò ọlọ́pàá mẹ́ta, ẹ̀wù rẹ̀ ya léjìká nítorí pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti tì í mọ́lé. Ilẹ̀kùn iwájú kù díẹ̀ kó wó. Ẹni mẹ́wàá ló jáde láàyè. Àwọn ọlọ́pàá ì bá má mọ̀ bí kò ṣe Alárinà, mọ́kànlá ni wọn ì bá sì jẹ́ bí kò ṣe Alárinà. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè yọ ìkan kúrò nínú èkejì, ẹ mú un wá bá mi.

Ogún ọdún ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò padà sípò, ó ń dún bí ayùn. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé igbe tó ké lọ́jọ́ náà ló bà á jẹ́. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń lọ sí ilé ìyàwó Wẹ́dà, ó ń bá a tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, ìyàwó náà kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún un, ó máa ń tilẹ̀kùn tẹ̀lé e, ó parí. Ogún ọdún. Lùhò ní tirẹ̀ kò bínú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì lo nǹkan, ó ṣe ìdánwò rédíò, òun ló sì ń tọ́jú Alárinà báyìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ láàrin ilé, á gbé kùkùté ọwọ́ rẹ̀ sókè, á ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ kí wa o." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà á rẹ́rìn-ín. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rí nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá.

Mo ti kọ ọ́ tán. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀: òkè, lọ́ọ̀rì, àdá, àga onírọ̀rí pupa, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Ohun kékeré kan ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe sí i, ọ̀kan péré ni, mo sì ń sọ ọ́ nítorí eyín mi, ọ̀kan ti ń mì láti àná. Ọwọ́ ni mo pààrọ̀. Kì í ṣe èmi ni mo mú irin. Mo kúkú ti kọ ọ́ lókè pé òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tí ilẹ̀kùn wó, ó ju rédíò sí mi láyà, òun ló bẹ́ sábẹ́ tábìlì, ọrùn tirẹ̀ ni wọ́n fún. Ohun tó ba ohùn rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe igbe. Òun ló fi èémí tó kù ú kù pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kí i o! Ẹ kí i!" Èmi ni mo dúró sójú fèrèsé tí ẹ̀rù gbà, tí mo tẹ bọ́tìnnì láìkí i. Nígbà tó sì gba rédíò padà lọ́wọ́ mi tó ní "èmi ni," mo dákẹ́. Mo dákẹ́ fún ogún ọdún. Iṣẹ́ akin tirẹ̀ ni mo gbé wọ̀ káàkiri ìlú, ẹ̀bi tèmi ni mo gbé wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé Lùhò máa ń kàwé sókè fún ìyàwó rẹ̀ lórí àga pupa yẹn. Nítorí náà mo fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí.

Alárinà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lùhò, èmi ni.